Ẹsẹ̀ fún Bàtà Ńlá

Mo ra táyà kí n tó ra ohun tí yóò gbé e.
Àṣìṣe mi nìyẹn, mo jẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí.
Agbaṣẹ́ṣe kan tó ń la títì ń palẹ̀ mọ́,
ó ń ta ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn Tákíè:
mẹ́rin, dúdú, eyín wọn bí eyín àgbàdo tó gbó,
iye rẹ̀ kò ju owó ewúrẹ́ méjì lọ.

Alàgbà Oyèlàmí tó ń lẹ táyà ní Apákẹ́
wò wọ́n, ó wo ọkọ̀ mi, ó mi orí.
"Ìyá Ṣẹ́wà, bàtà yìí dára. Ẹsẹ̀ dà?"

Kajú sì ti ń já bọ́ ní Ìkọ̀yí-Ilé.
Òjò àkọ́rọ̀ ti sọ ọ̀nà oko di ọ̀gọ̀dọ̀,
àwọn àgbẹ̀ ń pè mí láàárọ̀, wọ́n ń pè mí lálẹ́.
Lọ́dún tó kọjá, táyà kékeré rì mí mọ́nú ẹrẹ̀,
èmi àti àpò mẹ́rìnlá la jọ sùn síbẹ̀.

Mo gba Sábó lọ. Lúkúmáànù gbé alumíníọ̀mù jáde,
ó ń fi aṣọ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun.
Ó dán. Mo rí eyín mi nínú rẹ̀.
Ó dárúkọ iye, mo rẹ́rìn-ín; òun kò rẹ́rìn-ín.
Owó ilé ẹ̀kọ́ Ṣẹ́wà ọdún méjì gbáko!
"Mọ́mì, ẹ gbé e wò, ẹ wo bó ṣe fúyẹ́."
Ó fúyẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá gbá òkúta oko, yóò sán.
Irin yóò kàn tẹ̀ ni,
òòlù á sì bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbọ́.

Ní ìsọ̀ kejì, tòkúnbọ̀. Owó rọ̀, ojú mi tàn.
Mo ka ihò rẹ̀: márùn-ún.
Mo tún un kà, bóyá ọ̀kan sá pamọ́.
Mẹ́fà ni ọkọ̀ mi ń béèrè.
Ọlọ́jà ní a lè lu ihò míì. Mo ní ó ṣeun.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Alàgbà fi ẹfun fa ìlà sórí símẹ́ńtì.
"Bí ríìmù bá wọlé jù, táyà á máa ha irin abẹ́ ọkọ̀;
bó bá yọ síta jù, bíárìn á máa sunkún títí yóò fi kú.
Má wo ẹwà. Wo ihò, wo ìbú, wo bó ṣe dúró sí."
Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ló ń bá mi sọ. Mo dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsọ̀ Ọ̀ṣúndìran wẹ́dà, lọ́nà Ìresà,
ọkọ̀ ilé ìwòsàn kan ti kú síbẹ̀ tipẹ́,
adìyẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó dírẹ́bà.
Ríìmù irin. Ihò mẹ́fà. Ìbú rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.
Mẹ́ta péré!
Ìkẹrin, ìyàwó wẹ́dà ti sọ ọ́ di àdògán,
ìkòkò ẹ̀wà wà lórí rẹ̀, ó ń hó.
A jókòó dúró de ẹ̀wà. Ó pẹ́ kó tó jinná.
A jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Mo sanwó ríìmù,
mo sì ra àdògán tuntun fún obìnrin náà.

Alàgbà fi òòlù tẹ etí mọ́gáàdì wọlé,
síbẹ̀, bí mo bá ṣẹ́ ọwọ́ sósì pátápátá, táyà ṣì ń ha.
Mo kun mẹ́ta ní pupa. Ẹ̀kẹrin kọ ọ̀dà;
èédú ti wọ̀ ọ́ lára jù.

A dé odò. Ọkọ̀ náà wọ inú ẹrẹ̀,
ó mikanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáde.
Àpò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lẹ́yìn rẹ̀.
Ọwọ́ ọ̀tún ni mo máa ń yà sí, bí àyè bá wà.
Bí oòrùn bá sì mú gan-an lójú títì,
Ṣẹ́wà á ní òun ń gbọ́ òórùn ẹ̀wà.